Màyó 34 Kan, Ọmọ Méjì: Bí A Ṣe Jiyàn Rẹ̀ ní Àjàṣẹ́

Ìṣẹ̀lẹ̀ tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, láti ọjọ́ tí àpò aṣọ dé títí di ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ rọlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní básíkẹ́ẹ̀tì, bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, ni mo ń kọ ọ́ fún, pẹ̀lú ẹnikẹ́ni tó bá ti gbìyànjú rí pé kí àwọn ọmọ jiyàn láìjà. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó wà níbẹ̀ yóò mọ ara wọn.

Apá Ouando ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin, ni pápá wa wà. Kọnkéré ni, ó ti sán láàárín, àwọ̀n òkè kan sì ti já tipẹ́, òkè kejì la máa ń lò bí a bá fẹ́ gbọ́ ìró bọ́ọ̀lù nínú àwọ̀n. Ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń ràn wá lọ́wọ́ lọ sí ọjà Dantokpa ní Kútọnu, ó ra àpò màyó àlòkù kan fún wa. Màyó là ń pè é níbí, ohun tí àwọn ará Èkó ń pè ní jẹ́ẹ̀sì. Mẹ́tàlá ló ṣeé wọ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ nọ́ńbà wọn kò bára mu rárá: 23 wà ní méjì, 40 wà, 5 wà, 8 wà. Ọ̀kan ṣoṣo ni 34.

Ọmọ méjì nawọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí n pe àkọ́kọ́ ní Ọmọ Kéú, nítorí pé ilé kéú ló máa ń ti wá bá wa ní ọjọ́ Sátidé, pẹ̀lú wàláà lábẹ́ apá. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, ó ti ń bá wa bọ̀ láti ọdún mẹ́rin, òun ló sì ń gbá abẹ́ àwọ̀n fún wa. Ẹ jẹ́ kí n pe èkejì ní Ọ̀pẹ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, láti Kétu, tó wá ń gbé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀. Kò tíì pé oṣù méjì tó dé ọ̀dọ̀ wa, àmọ́ bó bá nà tán, ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin. Ọmọ Kéú di màyó náà mú lápá, Ọ̀pẹ dì í mú nísàlẹ̀, a sì gbọ́ "fàà". Ojú rírán abẹ́ abíyá ya tó ìka mẹ́ta. Ó ṣì wà bẹ́ẹ̀ títí dòní.

"Nọ́ńbà Hakeem ni," Ọmọ Kéú ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Nọ́ńbà Giannis ni," Ọ̀pẹ ló fèsì.

Ẹni tí kì í wo básíkẹ́ẹ̀tì lè máa bi ara rẹ̀ pé kí ló wà nínú 34 tí ọmọ ènìyàn fi ń ya aṣọ. Àwọn tó ti wọ̀ ọ́ ní líìgì NBA ti Amẹ́ríkà kì í ṣe kékeré. Hakeem Olajuwon wọ̀ ọ́ ní Houston láti 1984 títí di 2001, ó sì tún wọ̀ ọ́ ní Toronto fún ọdún kan tó fi fẹ̀yìn tì. Charles Barkley wọ̀ ọ́ ní Philadelphia àti Phoenix. Shaquille O'Neal, tí a ń pè ní Shaq, wọ̀ ọ́ ní Los Angeles Lakers. Paul Pierce wọ̀ ọ́ ní Boston, Ray Allen wọ̀ ọ́ ní Milwaukee, Seattle àti Miami. Lẹ́yìn wọn ni Giannis Antetokounmpo gbé e wọ̀ ní Milwaukee láti 2013. Nínú àwọn mẹ́fà yìí, ẹ̀jẹ̀ Yorùbá wà lára méjì. Èkó ni wọ́n bí Hakeem sí ní 1963. Áténì ní Gíríìsì ni wọ́n bí Giannis sí ní 1994, àmọ́ Yorùbá ni bàbá rẹ̀, Ìgbò ni ìyá rẹ̀, Nàìjíríà ni wọ́n sì ti gbéra. Nítorí náà, ní àdúgbò tí Yorùbá wà bíi tiwa, ọ̀rọ̀ 34 kì í ṣe ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù nìkan.

Gègé ni mo kọ́kọ́ ṣẹ́. Mo kọ orúkọ wọn sórí bébà, mo ká a, mo jù ú sínú fìlà mi, mo ní kí ọmọ kékeré kan mú ọ̀kan. Orúkọ Ọ̀pẹ ló jáde. Ọmọ Kéú ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ní, "Kò burú, kóòṣì, ẹ ṣé." Inú mi dùn, mo rò pé ó tán. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, mo pín wọn sí ọ̀nà méjì, mo fi àwọn méjèèjì sí ẹgbẹ́ kan náà. Fún odindi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Ọmọ Kéú ò fún Ọ̀pẹ ní bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan péré. Ọ̀pẹ á dúró lábẹ́ àwọ̀n, á na ọwọ́ sókè, kò sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rárá, Ọmọ Kéú á wo ojú rẹ̀, á sì jù ú fún ẹlòmíràn. A ní ká jẹ èkuru kó tán, ẹ tún ń gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo. Mo gba màyó náà padà.

Bí mo bá tún un wò báyìí, mo mọ ìdí tí gègé ò fi ṣiṣẹ́. Gègé máa ń parí ìjà nígbà tó bá jẹ́ pé nǹkan tí à ń pín ni à ń jà sí. Èmi ò tíì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń jà sí.

Ìgbìyànjú kejì ni èyí tí ojú ń tì mí láti kọ. Mo kéde pé lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìdárayá, a ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, a ó jiyàn lórí ẹni tó ju gbogbo àwọn tó wọ 34 lọ, ẹni tí ẹjọ́ bá gbè ni yóò gba màyó. Ẹ wo àṣìṣe méjì nínú gbólóhùn kan. Mo so aṣọ mọ́ àríyànjiyàn, nítorí náà kò sí ẹni tó lè yí ọkàn padà láìpàdánù nǹkan. Mo sì sọ pé "ẹni tó ju gbogbo wọn lọ" bí ẹni pé gbogbo wa la mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ariwo ni mo rí gbà. Mẹkaníìkì tó wà ní òdìkejì ọ̀nà fi ọkọ̀ sílẹ̀, ó dé pẹ̀lú ọwọ́ tí ó dúdú fún ọ́ìlì. "Ẹ̀yin ọmọdé yìí, ẹ ò tíì rí nǹkan. Shaq ńkọ́?" Láti ìgbà yẹn lọ, àwọn ọmọ ò ráàyè sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹnì kan ní Hakeem gba ife nítorí pé Michael Jordan ò sí níbẹ̀. Ẹlòmíràn dá a lóhùn pé ìyẹn rí bẹ́ẹ̀ ní 1994, àmọ́ ní 1995 Jordan ti padà dé, Orlando ló sì lé e dànù, Orlando yẹn kan náà ni Hakeem nà ní 4 sí 0, ìyẹn ìdíje mẹ́rin léraléra, ní àṣekágbá. Òótọ́ lẹni yẹn sọ, àmọ́ ta ló gbọ́? Ẹni tó ní ohùn gíga jù ló ń borí.

Ìgbà tí ọlọ́kadà kan tó dúró ra àgbàdo sísun da tirẹ̀ sí i ló wá di rúkèrúdò. Ó ní, "Èwo nínú wọn ló jẹ́ ọmọ wa?" Wọ́n ní àwọn méjèèjì ni. Ó ní, "Èwo ló jẹ́ ọmọ wa jù?"

Kí a má rí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní Hakeem ni, ó gbọ́ Yorùbá, Èkó ló dàgbà sí, ilé ẹ̀kọ́ Mùsùlùmí ló lọ. Àwọn kan ní ó di ọmọ Amẹ́ríkà ní 1993, ó sì bá wọn gba wúrà Òlíńpíìkì, kí ni tiwa níbẹ̀? Wọ́n ní Giannis náà ńkọ́, Gíríìsì ló ń gbá fún, orúkọ rẹ̀ gan-an ò ṣeé pè. Ọ̀pẹ, tí kò tíì sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ láti ìrọ̀lẹ́, dìde. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé ó fẹ́ jà ni. Ó kàn ní, "Orúkọ rẹ̀ ṣeé pè. Adétòkunbọ̀ ni."

Ọmọbìnrin kan wà tó ń bá wa kọ ìwé ayò, akọ̀wé là ń pè é. Ó ti gbé pátákó kékeré wá láti ilé. Ó kọ ANTETOKOUNMPO sókè, ó kọ ADÉTÒKUNBỌ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó wá bojú wò mí pé kí n ṣàlàyé. Ohun tí mo mọ̀ ni mo sọ. Àwọn Gíríìkì ò ní lẹ́tà kan ṣoṣo tó ń dún bíi "d" wa. Èyí tó jọ ọ́ ń dún bí ẹni fi ahọ́n sáàárín eyín. Nítorí náà wọ́n so "n" àti "t" pọ̀ láti fi pe "d", wọ́n sì so "m" àti "p" pọ̀ láti fi pe "b". Ẹni tó kọ orúkọ náà ní lẹ́tà Gíríìkì kò ṣàṣìṣe kankan. Ìgbà tí wọ́n wá ń yí lẹ́tà wọ̀nyẹn padà sí ti ABD ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni Adé di Ante, tí bọ̀ di mpo.

Gbogbo ènìyàn bú sẹ́rìn-ín, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Nínú wa níbẹ̀, ta ni orúkọ rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ lórí káàdì ìdánimọ̀? "Ou" ni Faransé fi ń kọ "u" fún wa, "dj" ni wọ́n fi ń kọ "j". Mẹkaníìkì ló sọ ọ́ tó dùn jù: "Ọlájùwọ́n, ká ní Àjàṣẹ́ ni wọ́n bí i sí, Oladjouwon ni ì bá máa jẹ́."

Ilẹ̀ ti ń ṣú. Mo dá ìjókòó rú láìsí ìdájọ́, màyó sì wà nínú àpò mi. Mo gbà pé ìrọ̀lẹ́ yẹn bà jẹ́, àmọ́ ẹ̀rín yẹn ló jẹ́ kí àwọn ènìyàn padà wá ní Sátidé kejì.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, akọ̀wé wá bá mi. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kóòṣì, nọ́ńbà là ń dá lẹ́jọ́ ni àbí ènìyàn?" Mo ní kí ló ń wí. Ó ní bó bá jẹ́ ènìyàn, kí a ka gbogbo ohun tí ó ṣe láyé. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà, ohun tó ṣe nígbà tí 34 wà lára rẹ̀ nìkan ni kí a kà. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń gbọ́ irú iyàn yìí, lórí 23, lórí 8, lórí 10 ti àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, n kò rí ẹni tó kọ́kọ́ béèrè ìyẹn rí.

Nítorí náà, ìgbìyànjú kẹta ní òfin. Màyó ò sí nínú ọ̀rọ̀ mọ́. Àgbà lè gbọ́, wọn ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ àyàfi bí ọmọ kan bá pè wọ́n. Akọ̀wé ló ni pátákó, ohun tí kò bá sì sí lórí pátákó kò sí lórí ìjókòó. Ohun tí ènìyàn ṣe nínú 34 nìkan la ó kà.

Ẹ ò lè gbàgbọ́ bí òfin kan ṣoṣo yẹn ṣe tún gbogbo nǹkan tò. Barkley ló kọ́kọ́ jábọ́. Òun ni agbábọ́ọ̀lù tó peregedé jù ní NBA ní 1993, 34 ló sì wọ̀ ní Phoenix lọ́dún yẹn. Àmọ́ ní sáà rẹ̀ tó kẹ́yìn ní Philadelphia, 32 ló wọ̀, láti fi bu ọlá fún Magic Johnson, ẹni tó ni 32, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ àìsàn rẹ̀ fún gbogbo ayé. Nígbà tó sì dé Houston ní 1996, Hakeem ló ni 34, ni ó bá gbé 4 wọ̀. Kò gba ife kankan. Pierce ní ife kan, 2008, òun náà ló sì gba ẹ̀bùn ẹni tó dára jù ní àṣekágbá. Ray Allen ló yà wá lẹ́nu: Boston ló ti gba ife àkọ́kọ́ pẹ̀lú Pierce, àmọ́ 20 ló wọ̀ níbẹ̀ nítorí pé Pierce ò fi 34 sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ tí kò sí ẹni tó lè gbàgbé, èyí tó jù láti igun ní 2013 nígbà tó ku ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún péré kí San Antonio gba ife, 34 ti Miami ló wà lára rẹ̀ nígbà yẹn.

Ó wá kan Shaq. Mẹkaníìkì ò lè sọ̀rọ̀, ó ń jókòó, ó ń dìde. Ọmọ kan pè é. Ó ní ife mẹ́rin ni Shaq gbà. Akọ̀wé ní mẹ́ta: 2000, 2001, 2002. Èyí tó gbà ní Miami ní 2006, 32 ni. Ojú mẹkaníìkì kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ọmọ Kéú pàtẹ́wọ́. Mẹkaníìkì wá rẹ́rìn-ín músẹ́, mo sì mọ̀ pé ó ti rí nǹkan. "Ó dáa. Ní 1995 tí Hakeem na Shaq ní 4 sí 0, nọ́ńbà wo ló wà lára Shaq?"

32. Orlando.

"Nígbà tí 34 bá wá pàdé 34 ńkọ́? Ní 1999, Lakers na Houston ní 3 sí 1, ìpele àkọ́kọ́. Hakeem wà níbẹ̀, Barkley wà níbẹ̀, gbogbo wọn ni Shaq kó lọ." Ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Ọmọ Kéú ní Hakeem ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì nígbà yẹn. Akọ̀wé ní òfin ò sọ ti ọjọ́ orí. Bẹ́ẹ̀ ni òfin tí Ọmọ Kéú pàtẹ́wọ́ sí ṣe yí padà wá bù ú jẹ.

Ọmọ Kéú ò dákẹ́ ṣá, ó sì dára kí ẹ gbọ́ bó ṣe gbé e kalẹ̀, torí ọmọ yẹn ti ka nǹkan. Ó ní Houston ti 1995 wọ ìdíje ìparí sáà ní ipò kẹfà ní agbègbè wọn, kò sì tíì sí ẹgbẹ́ tó ti ibi tó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ gba ife. Wọ́n gba inú Phoenix ti Barkley kọjá nígbà tí Phoenix ti ń fi 3 sí 1 lé wọn. Wọ́n bá San Antonio, níbi tí David Robinson ti ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀bùn ẹni tó peregedé jù lọ́dún náà, Hakeem sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdún tó ṣáájú, Hakeem nìkan ló gba ẹ̀bùn ẹni tó peregedé jù, ti ẹni tó mọ̀ ọ́n dènà jù, àti ti ẹni tó dára jù ní àṣekágbá nínú sáà kan ṣoṣo. Kò sí ẹni tó tíì ṣe é ṣáájú, kò sì sí ẹni tó tíì ṣe é lẹ́yìn rẹ̀. Bọ́ọ̀lù 3,830 ló gbá dànù lọ́wọ́ alátakò, kò sí ẹni tó pọ̀ tó o láti ìgbà tí wọ́n ti ń kà á ní sáà 1973 sí 1974. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní ní oṣù Fẹ́búrúárì 1995, ààwẹ̀ ni Hakeem ń gbà, kò jẹ, kò mu títí oòrùn fi wọ̀, òun náà ni NBA sì fún ní ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù oṣù yẹn.

Ẹni tó bá ti sáré lórí kọnkéré Àjàṣẹ́ pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu yóò mọ̀ pé ẹ̀rí nìyẹn.

Ọ̀pẹ ò mọ̀ ọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Ó kàn sọ alẹ́ kan. Alẹ́ ọjọ́ Iléyá 2021, ní Kétu, aago méjì òru, òun àti àbúrò bàbá rẹ̀ àti fóònù kan tí wọ́n gbé ti ìkòkò omi. Milwaukee àti Phoenix. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, orúnkún Giannis ti yí sẹ́yìn débi pé gbogbo ènìyàn ní ó tán fún un lọ́dún yẹn. Ó ní kò sẹ́ni tó lè ka iye tó ju sáwọ̀n lálẹ́ yẹn nítorí pé íńtánẹ́ẹ̀tì ń dúró. Wọ́n rí i tó dúró síbi tí wọ́n ti ń ju ti ọ̀fẹ́, àwòrán á dákẹ́, bí àwòrán bá sì padà, á ti wọlé. 17 ló wọlé nínú 19. Ayò 50 lápapọ̀, bọ́ọ̀lù 5 ló sì gbá dànù. Milwaukee ò tíì gba ife láti 1971. Ó jókòó. Mo rí i pé akọ̀wé ò kọ nǹkan kan sílẹ̀, ó ń wò ó lásán.

Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀. Àmọ́ mo ti gbọ́ níbì kan pé bí a bá ní kí ẹni tó ń jiyàn gbèjà alátakò rẹ̀, ọkàn rẹ̀ á rọ̀. Mo ní kí Ọmọ Kéú gbèjà Giannis. Kò tíì sí ohun tí mo ṣe nínú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí tó burú tó o. Ó dìde, ó ní, "Giannis dára. Kò mọ iṣẹ́ ẹsẹ̀, kò lè ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè. Ó kàn ga ni. Bí ènìyàn bá ti ga, wọ́n á kàn gbé àyè fún un."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀pẹ wo ilẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan yé mi, bí ìgbà tí wọ́n tan iná sí yàrá. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Kì í ṣe Giannis ló ń bá wí.

Kí n tó mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, Bàbá kan tó máa ń wá jókòó tì wá la ẹnu. Ó ti gbá básíkẹ́ẹ̀tì rí nígbà èwe rẹ̀, kì í sì í sọ̀rọ̀. Ó ní nígbà tiwọn, kò sí ohun tó ń jẹ́ 34. Òtítọ́ ni: lábẹ́ òfin FIBA, àjọ básíkẹ́ẹ̀tì àgbáyé, 4 títí dé 15 nìkan ni ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè lè wọ̀, títí di 2014 tí wọ́n ṣí i sílẹ̀. Ó ní kí akọ̀wé kọ ọ́: Òlíńpíìkì Atlanta, 1996, ikọ̀ Amẹ́ríkà. Hakeem wà níbẹ̀, Shaq wà níbẹ̀, Barkley wà níbẹ̀. Nínú aṣọ kan náà. Ta ló wọ 34?

Kò sí. Barkley wọ 4, Shaq wọ 13, Hakeem wọ 15. Wọ́n gba wúrà.

A ò dìbò. Bí ẹ bá bi èmi, Hakeem ni, mo sì mọ̀ pé mo ń ṣègbè. Mẹkaníìkì ò gbà títí di òní, bí mo bá gbé ọkọ̀ lọ bá a, ó máa ń fi "1999" kí mi.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo pe Ọmọ Kéú sílé. Ìyàwó mi gbé ẹ̀kọ àti àkàrà wá. A jẹun tán kí n tó béèrè. Ó pẹ́ kó tó dáhùn. "Kóòṣì, ṣé òun lẹ máa fi sábẹ́ àwọ̀n ni?" Ọdún mẹ́rin ló ti wà níbẹ̀. Èmi sì ni, láti oṣù méjì, ní gbogbo ìdárayá, tí mo ń sọ níwájú gbogbo ènìyàn pé, "Ẹ wo gíga ọmọ yìí!" N kò sọ fún Ọmọ Kéú lẹ́ẹ̀kan péré ohun tí mo ní lọ́kàn nípa tirẹ̀.

Mo bi í pé nígbà tí Hakeem dé Houston ní 1984, ta ló bá lábẹ́ àwọ̀n? Ó dáhùn kí n tó pa ẹnu dé: Ralph Sampson, tó ga tó mítà 2.24. Mo ní ibo ni Sampson gbá lẹ́yìn ìgbà yẹn? Ó dákẹ́. Ó mọ̀ ọ́n. Sampson ló sún jáde díẹ̀, wọ́n ń gbá a pọ̀, àwọn méjèèjì sì gbé Houston dé àṣekágbá 1986, níbi tí Boston ti dá wọn dúró. "Nítorí náà," Ọmọ Kéú ní, ó ń wo àwo, "Hakeem ni àjèjì nígbà yẹn." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀yin kóòṣì ẹlẹgbẹ́ mi, ohun tí mo ń ṣe yàtọ̀ báyìí kò pọ̀. Bí àwọn ọmọ bá gbé iyàn "ta ló jù" dé, mo máa ń ní kí wọ́n kọ ìbéèrè náà sílẹ̀ ní gbólóhùn kan kí ẹnikẹ́ni tó dá orúkọ, nọ́ńbà àbí ènìyàn, sáà kan àbí gbogbo ayé. N kì í fi ẹ̀bùn sí i mọ́. N kì í ní kí ọmọ gbèjà ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn sí, ó kéré tán kì í ṣe níwájú èrò. Mo sì máa ń tẹ́tí sí àpèjúwe: bí ọmọ bá ń bú agbábọ́ọ̀lù kan, mo máa ń wo ẹni tó jọ ọ́ lórí pápá wa.

Ọ̀pẹ ló gba 34. Ọmọ Kéú fúnra rẹ̀ ló gbé e fún un lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó sì ní 15 ni òun fẹ́. 15 ò sí nínú àpò. A mú màyó 5, télọ̀ ẹ̀bá ọ̀nà gé 1 láti ara aṣọ funfun kan, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn níwájú àti lẹ́yìn. 1 náà sanra ju 5 lọ, ó sì tẹ̀ sápá òsì.

Ìdíje wa àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Àjàrà la lọ. Òógùn dé, gọ́ọ̀mù ò gbà. Ní ìdajì kejì, rẹfirí fọn fèrè, ó nawọ́ sí Ọmọ Kéú, ó fi ìka márùn-ún han tábìlì. Akọ̀wé wa yẹ ìwé wò lókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò nísàlẹ̀, ó dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, a ò ní 5." Rẹfirí yí padà. Ọ̀pẹ ti sáré dé ibẹ̀, ó ti fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ 1 náà mọ́ Ọmọ Kéú láyà, kò sì fẹ́ gbé ọwọ́ kúrò.